Ẹni Tí Ń Kọ́ Ara Lẹ́kọ̀ọ́: Ìtàn Olùkọ́ Eré Ìdárayá ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ìdárayá. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà ni ó sì mú mi dé ibẹ̀.

Ìbéèrè kan ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ní Arárọ̀mí-Obu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn olùkọ́ díẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ kòkó tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún pinnu láti máa péjọ ní òwúrọ̀ Sátidé láti ṣe eré ìdárayá. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí apá rẹ̀ le bí irin, tí fèrè kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, pápá kún. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ku ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti fèrè rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí wá bi mí pé: báwo ni a ṣe ń mọ olùkọ́ tí ó dára, kí ni a sì lè ṣe tí nǹkan náà kò fi ní sú ènìyàn? Èrò mi ni pé ìtàn dáhùn ìbéèrè méjèèjì, àti pé ìdáhùn kan náà ni.

I. Eré

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ọmọdé tí ó ń fi iyanrìn kọ́ ilé, eré ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó ń sáré bí ẹni tí ẹkùn ń lé, eré ni ó ń sá. Ohun tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé káàkiri ìlú láti ọdún 1945, eré ni. Nígbà tí a sì ń wá orúkọ fún ohun tí ń mú ara le, a kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí: a pè é ní eré ìdárayá, eré tí ń dá ara yá. Ẹ tún wo apá kejì orúkọ náà. Aláìsàn tí ó gbádùn, a ní ara rẹ̀ ti yá. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí nǹkan tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jókòó, a ní ara ń yá a. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni a fi ń sọ ìlera àti ìdùnnú.

N kò sọ pé èdè nìkan tó ẹ̀rí. Ohun tí àwọn ènìyàn ṣe ni ẹ̀rí, òun ni a ó sì yẹ̀ wò.

II. Agbo, ìlù àti ẹgbẹ́

Nínú gbogbo eré tí ń mú ara le ní ilẹ̀ wa, ìjàkadì, èyí tí àwọn kan ń pè ní ẹkẹ tàbí gídígbò, ni ó gba iwájú. Bí òṣùpá bá ràn, tí a ti jẹun alẹ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ a jáde sí ìta gbangba. Àwọn ènìyàn a pa agbo, onílù a bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì a bọ́ sí àárín. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni a dá. Àgbà tí ó ti jà nígbà èwe rẹ̀ a dúró létí agbo. Òun ni í wo ẹni tí ó tó ẹni í bá jà, nítorí pé ẹgbẹ́ ẹni ni à ń bá jà. Òun náà ni í sọ fún ẹni tí a dá pé kì í ṣe agbára ni kò ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé jìnnà síra jù.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ètò yìí. Èkíní ni agbo: ojú ń rí ojú, ẹni tí kò jà náà wà nínú eré. Èkejì ni ìlù: ìlù ni ó ń gbé ẹsẹ̀, ìlù ni ó ń mú kí ó rẹni kí a má mọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́: a kò gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí. Olùkọ́ ni ó ń ṣọ́ àwọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Báwo ni a ṣe ń mọ olùkọ́ bẹ́ẹ̀? Bí a ṣe ń mọ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ni. Ọmọ ọdẹ a gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọ inú igbó. Títí di òní, bí mẹkáníìkì tàbí aránṣọ kan bá dé ìlú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ta ni ọ̀gá rẹ?" Ẹni tí kò gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a kì í yára gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn tí wọ́n ń bèèrè ọ̀gá lọ́wọ́ ẹni tí yóò rán aṣọ wọn ni wọn kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ́ ara wọn.

Ìjàkadì fúnra rẹ̀ kò parun. Ọdúnayọ̀ Adékúoròyè, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi í gba wúrà nínú ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2014, 2018 àti 2022, nínú eré tí ọ̀pọ̀ baba wa kà sí ti ọkùnrin nìkan. Ohun tí ó dínkù ni agbo ìta gbangba, tí gbogbo ọmọ ìlú ń wọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ gba wúrà.

III. Ìlà àti fèrè

Ọ̀nà mìíràn gba òkèèrè wọlé. Ní ọdún 1813, Per Henrik Ling dá ilé-ẹ̀kọ́ ìdárayá kan sílẹ̀ ní Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí a to àwọn ènìyàn sí ìlà, kí olùkọ́ máa pàṣẹ, kí gbogbo apá sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlànà yìí sí ilé-ìwé wọn, wọ́n sì ń tún un ṣe títí dé orí ìwé ìtọ́ni tí ìjọba wọn tẹ̀ jáde ní ọdún 1933. Lábẹ́ ìjọba wọn ni a ti mọ dírílì ní ilé-ìwé tiwa. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Empire Day, àwọn ọmọ a tò, wọn a máa yan kọjá níwájú àwọn aláṣẹ.

Kí a má puró mọ́ dírílì. Ó mú ìdárayá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí a kì í pè sí agbo ìjàkadì, ó sì fi ẹ̀kọ́ ara sí àárín ẹ̀kọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà nínú ìlà kò rí ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ìpàkọ́ ni ó ń wò. Fèrè gba ipò ìlù. Àṣẹ gba ipò orin. Èyí tí ó burú jù ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ìdárayá di ìyà. Ọmọ tí ó pẹ́ dé ni a ń ní kí ó sáré yí pápá ká. Ẹni tí ó pariwo ni a ń ní kí ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. A fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni í làágùn. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣé yóò fi ìdùnnú jí ní òwúrọ̀ Sátidé ní ọmọ àádọ́ta ọdún nígbà tí ó bá gbọ́ fèrè?

IV. Àwọn tí wọ́n so ètò pọ̀ mọ́ eré

Ẹnìkan lè sọ pé agbo àti ìlù kò lè bá ètò ìgbà yìí mu. Ẹ jẹ́ kí a wo Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti bá àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn jẹ ìyà oko ẹrú. Capoeira, eré ìjà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ tọ orísun rẹ̀ dé agbègbè Àǹgólà, jẹ́ ohun tí òfin ọdún 1890 kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1932, Manuel dos Reis Machado, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mestre Bimba, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Salvador. Ní ọdún 1937, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ. Bimba to ẹ̀kọ́ náà sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní méjì-méjì. Ètò ni èyí, ó sì le. Ṣùgbọ́n kò tú agbo ká, kò sì pa ohùn berimbau, ohun èlò olókùn kan tí ń darí eré náà, lẹ́nu mọ́. Títí di òní, àwọn tí ń ṣe é kì í sọ pé àwọn ń ja capoeira. Wọ́n ń sọ pé àwọn ń ṣe eré rẹ̀.

Nílé wa, ẹ rántí Hogan Bassey, ọmọ agbègbè Kàlàbá tí ó kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tí ó dé Liverpool ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1959, ọ̀dọ̀ Peter Banasko ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ máníjà mìíràn. Adúláwọ̀ ni Banasko, òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò nígbà tí òfin àwọ̀ kò jẹ́ kí irú wọn jà fún adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1948 ni òfin náà tó kúrò nílẹ̀. Ó mọ ọ̀nà tí ó ń fi han ọmọ náà, ó sì mọ ibi tí ẹ̀gún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ọdún 1957, ní Paris, Bassey di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba adé àgbáyé. Lẹ́yìn tí ó fi ìjà sílẹ̀ ní ọdún 1959, ó padà wá di olùkọ́ fún àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ilẹ̀ wa. Inú eré yìí kan náà ni Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, ti gba idẹ ní Tokyo ní ọdún 1964, àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù ni ti Tóbi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nílé ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ eré sísá; nígbà tí ó dé yunifásítì ní El Paso ní Amẹ́ríkà, ó bọ́ sọ́wọ́ Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà tí òun fúnra rẹ̀ ti fo irú igi bẹ́ẹ̀ gba wúrà Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2002. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù keje ọdún 2022, Amusan sá ọgọ́rùn-ún mítà aláfoogi ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, eré tí ẹnikẹ́ni kò sá rí ní àgbáyé títí di ọjọ́ náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́: mímọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣe mímọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn akọni kan wà tí wọn kò lè kọ́ ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mú wa rin ọ̀nà, ó yẹ kí a lè bi í léèrè ibi tí òun ti rìn ín àti ẹni tí ó mú un rìn.

V. Ọ̀rẹ̀ àti Arárọ̀mí

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ akọni nìyẹn, kí ni ó kan àgbẹ̀ kòkó? Ní ọdún 1953, Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Dírẹ́bà ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lọ sókè sódò. Bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ń pa àwọn dírẹ́bà ju àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ lọ.

Ọ̀rẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ọ̀nà Èkó sí Benin ti ń dúró jẹun. Ẹ wo bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń di ìbàdí mú. Ní Arárọ̀mí-Obu, láàárín oko kòkó àti oko rọ́bà, ẹsẹ̀ ni àwọn baba ń fi rin dé oko; ọ̀kadà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ wọn lónìí. Ẹni tí ó ṣì ń fi àdá ṣán oko kò nílò kí n wàásù fún un. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ti ń gba lébìrà, olùkọ́ tí ó ń jókòó, ìyá tí ó ń tajà láti òwúrọ̀ di alẹ́, àwọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń wá kiri. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà fi ó kéré tán àádọ́jọ ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ń mú èémí yára. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Àádọ́jọ ìṣẹ́jú kò pọ̀. Ohun tí ó ṣòro ni kí a máa ṣe é títí ọdún yóò fi yí po. Ìyà kì í pẹ́ kí ó tó súni. Eré ni a lè máa padà sí.

Orúkọ ìlú náà gan-an ń bá wa sọ̀rọ̀: ara rọ̀ mí. Ara tí ó rọ̀ ni ara tí ó ní ìsinmi. Òun náà ni ara tí kò gan.

VI. Ìdáhùn

Èsì mi sí àwọn ará Arárọ̀mí-Obu nìyí. Ẹ bi olùkọ́ náà pé, "Ta ni ọ̀gá rẹ?" Bí ó bá dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ènìyàn, ẹ wádìí rẹ̀. Ẹ bi í pé àwọn wo ni ó ti kọ́ tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn tí ó dúró tì í ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi apá tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ wò ó bóyá yóò bèèrè orúnkún yín àti ìfúnpá yín kí ó tó bèèrè owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù kan náà lé ọmọ ogún ọdún àti ẹni ọgọ́ta ọdún kò mọ ẹgbẹ́, ó sì lè ṣe yín léṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú ìlà náà ká, kí ẹ pa agbo. Ẹ bẹ onílù kan ní ìlú kí ó wá ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ẹ sì fún un ní owó epo. Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kan máa pe èkejì níjà. Ẹ má lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ. Ó ní agbára, ó sì ń tètè jí. Ohun tí kò ní ni ọ̀gá. Ẹ wá àgbà olùkọ́ kan fún un ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìdárayá, kí ó lọ kọ́ṣẹ́, kí ó gba fíríìdọ̀mù rẹ̀ kí ó sì padà wá.

Ní ti àwa tí a wà ní yunifásítì, ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìdárayá wà, ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìlù, ijó àti eré orí ìtàgé wà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ògiri kan ṣoṣo sì pààlà wọn. Mo dábàá pé kí àwọn tí yóò di olùkọ́ ìdárayá máa wá gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onílù wa, kí àwọn tiwa náà sì lọ làágùn díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.