Ẹ̀wù Ọdẹ àti Àwọn tí Ó Ṣe É

Àwa tí a ń ka Bíbélì mọ̀ pé aṣọ Ésáù ọdẹ ni Jákọ́bù wọ̀ lọ bá baba rẹ̀, òórùn aṣọ náà ni arúgbó náà sì fi gbà pé àkọ́bí òun ni. Ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní gbogbo Rẹ́mọ pẹ̀lú, ẹ̀wù ni a fi ń dá ọdẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣe é?

Kíjìpá ni ọdẹ fẹ́ràn, nítorí pé ẹ̀gún kì í tètè fà á ya. Àwọn obìnrin ni ó ń hun ún nínú ilé, lórí òfì tí a gbé nàró. Wọn a yọ kóró òwú, wọn a ran án, wọn a hun ún. Aláró a sì rẹ ẹ́ sínú aró elú títí yóò fi dúdú, kí ẹran má bàa tètè rí ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Aránṣọ a wá dá gbérí tí apá rẹ̀ kúrú, kí ó má bàa há mọ́ ìbọn, àti ṣòkòtò tí ó fún lẹ́sẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Òyìnbó ni ó kọ́ wa ní aṣọ rírán. Ní ìlú Ulm, ní Jámánì, ẹ̀wù méjì wà tí a kó láti ìhà Allada, tí ó wà nínú ìwé àkójọ Christoph Weickmann ti 1659. Kì í ṣe ti ọdẹ, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí iṣẹ́ náà ti pẹ́ tó ní agbègbè wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni oògùn. A máa ń rán oǹdè, àdó àti tírà mọ́ ẹ̀wù náà. Àlùfáà Mùsùlùmí a sì kọ tírà fún ọdẹ tí ń bọ Ògún, láìsí ìjà! Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892, ìhìnrere tàn kálẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì dáná sun oògùn wọn. Níbi tí oògùn bá ti di ara ẹ̀wù, ẹ̀wù náà bá iná lọ. A kò bá wọn wí nítorí oògùn. Ṣùgbọ́n kíjìpá kì í ṣe òrìṣà, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá wa ni.

Kò pẹ́ tí aṣọ Mánṣẹ́sítà àti káakí gba ọ̀nà Ìkòròdú àti Èjìnrìn wọlé, tí ọdẹ sì ń rà á lọ́jà. Ẹ̀wù ọdẹ àtijọ́ ṣì wà ní àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Orúkọ ẹni tí ó kó o lọ ni ó sábà máa ń wà nínú ìwé rẹ̀, kì í ṣe ti ìyá tí ó hun ún.