Orí Tuntun Lórí Ẹsẹ̀ Àtijọ́: Ìtàn Skúrù Kékeré Abẹ́ Kámẹ́rà

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ rárá ni àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé ohun tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì, ilẹ̀ ì báà tẹ́jú, ì báà rí gbágungbàgun. Ọgbọ́n ìdáná yìí náà ló wà nínú ẹsẹ̀ kámẹ́rà tí gbogbo wa ń pè ní tripod. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Orí ni. Bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ ó dè é pa, kámẹ́rà á tún rọra tẹrí ba bí ọmọ tí oorun ń kùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán á wá gbé tẹsẹ̀torí jù sẹ́yìn ilé, wọ́n á lọ ra òmíràn lódindi. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kò pọn dandan. Ìdí tí kò sì fi pọn dandan ti lé ní ọdún 180.

Ní 1839, nígbà tí wọ́n kéde ọgbọ́n Louis Daguerre ní Paris, fọ́tò kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọdọ̀ mira. Nígbà míì, irin ni wọ́n fi ń gbá orí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Kámẹ́rà, tó jẹ́ àpótí igi ńlá, kò gbọdọ̀ mì rárá. Torí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni fọ́tò ti nílò ohun tó máa gbé e dúró.

Irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀ bá ilé fọ́tò ilẹ̀ Yorùbá mu gan-an. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1978 nípa bí Yorùbá ṣe ń ya ara wọn ní fọ́tò. Ohun tó ṣàpèjúwe kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ṣí álíbọ́ọ̀mù ìyá àgbà rí: àgbàlagbà jókòó sórí àga, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, aṣọ ńlá tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan. Fún irú fọ́tò yìí, kámẹ́rà ò nílò kó máa yí kiri. Kó ṣáà ti dúró ni.

Kámẹ́rà kékeré ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1925, àwọn ará Jámánì gbé Leica jáde sọ́jà, kámẹ́rà tó ń lo fíìmù mílímítà 35, tí èèyàn lè gbé sínú àpò kóòtù. Kámẹ́rà jáde kúrò nínú yàrá, ó bọ́ sí ìgboro, sí orí òkè, sí àárín èrò. Ó wá nílò orí tó lè yí síbikíbi kíákíá. Níbí ni orí bọ́ọ̀lù ti wúlò. Ẹ ronú nípa oríkèé ìbàdí: orí egungun itan rí roboto, ó jókòó sínú ihò kan, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ wa fi ń lọ síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí bọ́ọ̀lù ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tú u, kámẹ́rà á yí síbi tó wù yín. Ẹ dè é, á dúró.

Ṣùgbọ́n báwo ni orí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ kan ṣe ń wọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ mìíràn láìjà? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ìlú Manchester. Láyé ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gé skúrù tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ọ̀kan bá sọ nù, àfi kẹ́ ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Joseph Whitworth kó skúrù jọ láti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ̀n wọ́n, ó sì wá ìwọ̀n àárín wọn. Ní 1841, ó gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní Lọ́ńdọ̀nù: skúrù tó fẹ̀ tó 1/4 ínǹṣì, kó ní ìlà 20 nínú ínǹṣì kan, èyí tó fẹ̀ tó 3/8, kó ní ìlà 16. Ní 1864, William Sellers gbé ètò tiẹ̀ jáde ní Philadelphia. Ó yí bí ìlà náà ṣe dagun padà, ṣùgbọ́n iye ìlà lórí ìwọ̀n méjèèjì yìí ò yàtọ̀.

Ìwọ̀n méjì yìí làwọn oníkámẹ́rà mú. 1/4 ló wà lábẹ́ kámẹ́rà wa, 3/8 ló sì sábà máa ń so orí mọ́ ẹsẹ̀. Àwọn ará Jámánì àti Jàpáànù tí wọ́n ń fi mílímítà wọn gbogbo nǹkan, ínǹṣì ni wọ́n ń bá a lọ lábẹ́ kámẹ́rà títí dòní.

Lókè orí náà, àdéhùn mìíràn wà, tí kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Arca-Swiss ṣe àwo pẹlẹbẹ kan tí a ń so mọ́ abẹ́ kámẹ́rà, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 38, tí etí rẹ̀ méjèèjì dagun. Àwọn yòókù ń wò ó ṣe. Nítorí pé kò sí ẹni tó fi òfin dè é, àwo ilé iṣẹ́ kan lè fẹ̀ ju ti èkejì lọ ní ìwọ̀nba. Ẹnu tí a ń fi ọwọ́ lọ́ pa máa ń gba gbogbo wọn. Èyí tó ń pa pẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè kọ òmíràn.

Ó yá, ẹ fẹ́ ra orí. Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ èyí tó bàjẹ́. Nígbà míì skúrù kéékèèké ló há a mọ́lẹ̀ láti abẹ́ àwo tó jókòó lé. Ẹ tú wọn ná, kẹ́ ẹ tó yí orí náà sí apá òsì. Ẹ wo skúrù tó bá yọjú, 3/8 ni tàbí 1/4. Bí kò bá bá orí tuntun mu, òrùka irin kékeré kan wà tó ń sọ ihò 3/8 di 1/4. Ẹ má gbára lé iye kílò tí wọ́n kọ sára páálí nìkan, torí bó ṣe wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì yín tó wúwo jù lé e, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dè é, ẹ yọwọ́, kẹ́ ẹ máa wo inú kámẹ́rà. Tí àwòrán bá rọra sọ̀kalẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ fídíò nìkan lẹ̀ ń ṣe, orí bọ́ọ̀lù kọ́ ló yẹ yín. Orí onídìímú tó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni.

Wàhálà kan ṣì wà. Púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti lẹ orí mọ́ ọ̀pá àárín pátápátá. Kò sí skúrù tẹ́ ẹ máa tú. Ọjọ́ tí orí bá kú, ẹsẹ̀ náà kú nìyẹn. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun ò lè fara mọ́ ọn, torí owó orí kan ṣoṣo ti di owó gbogbo rẹ̀. Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ní ọjà, ẹ ní kí olùtajà tú orí yẹn kúrò lójú yín. Bó bá lè tú u, ẹsẹ̀ yẹn á ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí orí mẹ́ta bá ti gbó lórí ẹ̀.