Àyọlò Ọ̀rọ̀ àti Kókó Ìròyìn: Ìbò 1965 nínú Ìwé Ìròyìn Ìbàdàn

Akọ̀ròyìn lè má sọ èrò ọkàn ara rẹ̀ rárá. Àwọn tí ó yọ ọ̀rọ̀ wọn lò, àti bí ó ṣe to ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé ara wọn, ni yóò gbé kókó ìròyìn rẹ̀ jáde. Ìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tí ó wáyé ní ọjọ́ 11, oṣù Ọ̀wàwà, 1965 jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ ní àyẹ̀wò.

Ìwé ìròyìn méjì ni ó ń figagbága ní Ìbàdàn nígbà náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà nígbà ìbò yìí. Ìjọba Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni ó dá Daily Sketch sílẹ̀ ní 1964, lẹ́yìn tí ìjà ti pín ẹgbẹ́ Action Group sí méjì ní 1962.

Òǹkà méjì ni ó jáde. Àwọn aláṣẹ ìdìbò kéde pé Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, mú ju 70 lọ nínú àga 94. Àlàájì Dáúdà Adégbénró, aṣáájú UPGA, kéde pé 68 ni ẹgbẹ́ tòun mú, ó sì ní òun ti gbé ìjọba kalẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú un. Akọ̀ròyìn tí ó bá fi òǹkà àwọn aláṣẹ ṣíwájú, tí ó wá fi ti Adégbénró sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú “ó fẹ̀sùn kàn pé”, ìtàn ìṣẹ́gun ni ó kọ. Èyí tí ó bá ti ẹnu Adégbénró bẹ̀rẹ̀, tí ó fi ọ̀rọ̀ olùdìbò tí inú ń bí tì í lẹ́yìn, ìtàn ìbò tí a jí ni ó kọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ lò lè má ní irọ́ kankan nínú. Ọ̀rọ̀ ìṣe lásán, “sọ”, “jẹ́wọ́” tàbí “fẹ̀sùn kàn”, ti tó láti dá ẹjọ́.

Ní ti rédíò ìjọba, ẹnu kan ṣoṣo ni àyè wà fún. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi yọ ìbọn ní ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn nínú oṣù náà, tí a fi téèpù mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Adájọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ.

Olùkọ́ tí yóò fi ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ́ni ní ìtàn kò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan dání lọ sí kíláàsì. Kí ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fàlà sí ọ̀rọ̀ asafọ̀ àti ọ̀rọ̀ agbàràn, kí wọ́n sì ka iye ẹnu tí ìhà kọ̀ọ̀kan gbà láyè láti sọ̀rọ̀.