Ìbálòpọ̀ àti Àwọn Aláàbọ̀ Ara Láwùjọ

Ìbálòpọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ju ọ̀rọ̀ orí ibùsùn lọ. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ọmọ bíbí wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti sọ pé “mi ò fẹ́” náà sì wà níbẹ̀. Ó kan arọ, afọ́jú, adití, àfín, ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò pé, àtàwọn tí jàm̀bá tàbí àìsàn sọ di aláàbọ̀ ara lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n tó bílíọ̀nù 1.3, ìyẹn nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà.

Ojú méjì ni àwùjọ sábà máa ń fi wò wọ́n, ojú méjèèjì sì ta ko ara wọn. Àwọn kan kà wọ́n sí ọmọdé ayérayé tí ara wọn kì í béèrè nǹkan. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé wọn yóò bí irú ara wọn, nítorí náà kí wọ́n tètè dí ọ̀nà ọmọ. Ojú kejì yìí ló wọ inú ìwé òfin.

Ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1907, ṣùgbọ́n ìtàn Carrie Buck ti Virginia ló gbajúmọ̀ jù. Ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ ló dàgbà sí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ìbátan àwọn alágbàtọ́ náà fi ipá bá a lò pọ̀, tó sì lóyún. Kàkà kí wọ́n mú ọkùnrin náà, ọmọbìnrin ni wọ́n mú. Wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé, wọ́n bá gbé e lọ sí ọgbà tí ìjọba ń kó irú wọn sí, níbi tí wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ náà sí ṣáájú. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún 1927, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi abẹ dí ọ̀nà ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ṣe é nínú oṣù kẹwàá ọdún náà. Vivian, ọmọ tí wọ́n ní òun náà yóò ya ọ̀dẹ̀, gba orúkọ láàárín àwọn tó mọ̀wé jù ní ilé ìwé rẹ̀ kó tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún Doris, àbúrò Carrie, wọ́n sì parọ́ fún un pé apẹ́ńdíìsì ni àwọn yọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń wá ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti darúgbó kó tó mọ ohun tí wọ́n fi òun ṣe.

Ó ju 60,000 ènìyàn lọ tí wọ́n ṣe báyìí ní Amẹ́ríkà. Gómìnà Virginia tọrọ àforíjì ní 2002.

Jámánì ìgbà Hitler ṣe tirẹ̀ ní 1933, nǹkan bí 400,000 ènìyàn ló sì kàn. Ti Jàpáánì wà lójú òfin láti 1948 títí di 1996. Nǹkan bí 25,000 ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbà tó di oṣù keje 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òfin náà kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu, tí wọ́n sì ní kí ìjọba san owó gbà-má-bínú. 

Ẹ jẹ́ ká wá wo ara fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ti bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ludwig Guttmann, dókítà Júù tó sá kúrò ní Jámánì ní 1939, ló dá ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀ ní Stoke Mandeville, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1944. Ìdíje eré ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló di Paralympics lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọmọ bíbí àwọn ọkùnrin tó ń tọ́jú náà jẹ ẹ́ lógún. Lọ́dọ̀ ọkùnrin, ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti bàjẹ́ ló máa ń sọ ohun tó ṣì ṣeé ṣe àti ìrànlọ́wọ́ tí dókítà lè ṣe. Ní ti obìnrin, nǹkan oṣù sábà máa ń padà dé, ó sì lè lóyún kó sì bímọ. Barry Komisaruk àti Beverly Whipple ti yunifásítì Rutgers tún rí i pé àwọn obìnrin kan tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn gé pátápátá ṣì ń gbádùn ìbálòpọ̀ dópin, nítorí pé iṣan kan, tí wọ́n ń pè ní vagus, ń gbé ìmọ̀lára láti ilé ọmọ lọ sínú ọpọlọ láìgba ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Ní Ìbàdàn, gbogbo ènìyàn mọ olórin Yinka Ayefele tí jàm̀bá ọkọ̀ sọ di ẹni orí àga onítáyà ní 1997. Ní 2019, ìyàwó rẹ̀ bí ìbẹta.

Mark O'Brien, akéwì àti akọ̀ròyìn ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ní àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Inú ẹ̀rọ tí ń bá a mí ló ń sùn. Ní 1990 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa bí òun ṣe sanwó fún obìnrin tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ fífi ìbálòpọ̀ ṣe ìtọ́jú kí òun lè mọ ìbálòpọ̀. Fíìmù The Sessions ti 2012 jáde láti inú ìtàn náà. Àwọn kan ní aṣẹ́wó lásán ni, àwọn mìíràn ní ìtọ́jú ni. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni òrìṣà là ń pe abuké, arọ àti àfín. Ìtàn sọ pé Ọbàtálá tí ń mọ ènìyàn mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì; ìdí nìyẹn tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ náà. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá di ti àna, àwọn àgbà á ránṣẹ́ wádìí ìdílé: ṣé wèrè kò sí níbẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ńkọ́, wárápá ńkọ́? A lè bọ̀wọ̀ fún ẹni òrìṣà títí, ká má sì fún un lọ́mọ fẹ́.

Ojú kìíní tó ń kà wọ́n sí ọmọdé náà ní ewu tirẹ̀. Ìwádìí tí Lancet gbé jáde ní 2012 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tí ìfipábánilòpọ̀ àti irú rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ aláàbọ̀ ara ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ abarapá lọ. Nora Groce, onímọ̀ tó wà ní Yale nígbà náà, kọ ọ́ ní 2004 pé àwọn ọkùnrin tó gbà gbọ́ pé wúńdíá ló ń wo àrùn éèdì ń wá aláàbọ̀ ara lọ, nítorí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọmọbìnrin adití bá sì dé àgọ́ ọlọ́pàá, ta ni yóò gbọ́ èdè ọwọ́ rẹ̀?

Àdéhùn Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006 dárúkọ ẹ̀tọ́ wọn láti gbéyàwó, láti bímọ àti láti rí ìtọ́jú ìlera ìbálòpọ̀ gbà. Síbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, aláàbọ̀ ara tó ń gba owó ìrànwọ́ SSI kò gbọdọ̀ ní ju dọ́là 2,000 nípamọ́. Bí méjì nínú wọn bá fẹ́ ara wọn, 3,000 ni wọ́n gbà fún wọn, kì í ṣe 4,000. Ìfẹ́ ná wọn ní 1,000. Nàìjíríà wọ àdéhùn náà ní 2010. Nínú oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, tó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe ìfètòsọ́mọbíbí wà lára wọn. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024.