ÌWÉ WO NI WỌN YÓÒ FÚN UN?
Ìtàn ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa ń gbà di dókítà

Bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde lọ́dọọdún, ẹ wo ojú àwọn òbí. Ẹni tó bí ọmọ mẹ́ta, ó kéré tán yóò fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn di dókítà. Ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Ṣé wọ́n á gba ọmọ mi wọlé?" Ìbéèrè gidi ni, kò sí ẹni tó ní kò dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí àwọn baba wa fi ìyà kọ́ ní Èkó ní nǹkan bí aádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: "Bó bá kàwé náà tán, ìwé ẹ̀rí wo ni wọn yóò fún un, níbo ni ìwé náà yóò sì ti ṣiṣẹ́?" Ìtàn ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní ọdún 1855, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n lè kọ́ ní iṣẹ́ ìṣègùn fún àwọn ọmọ ogun wọn ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí ibà kò jẹ́ kí àwọn dókítà òyìnbó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọ C.M.S. bá wọn ṣa ọmọ. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù ni àwọn ọmọ náà fi wọlé. Yíyàn ni wọ́n yàn wọ́n ní Fourah Bay ní Sàró. Àwọn mẹ́ta ni: James Horton, William Broughton Davies àti Samuel Campbell. Àìsàn dá Campbell padà sílé, ó sì kú. Ìgbò ni àwọn òbí Horton. Yorùbá ni àwọn òbí Davies. Àwọn méjèèjì kàwé ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n yege ní 1858, Horton sì gba oyè M.D. ní Edinburgh ní 1859.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ wa mìíràn tẹ̀ lé ọ̀nà náà: Nathaniel King, John Randle, Ògúntọ́lá Sàpàrà, àti Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Òkun ni gbogbo wọn sọdá, nítorí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan nílé. Ẹni tí baba rẹ̀ kò lówó, tí ìjọ kò sì ràn lọ́wọ́, kó má tilẹ̀ dá a lásàá.

Kò tán síbẹ̀ o. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ àwọn dókítà ìjọba ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ṣòfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ ná! Adúláwọ̀ àti òyìnbó jókòó nínú kíláàsì kan náà ní Edinburgh, wọ́n ṣe ìdánwò kan náà, wọ́n gba ìwé kan náà. Wọ́n dé Èkó tán, wọ́n ní àwọ̀ ara ọ̀kan kò pé. Ìwé wà lọ́wọ́, iṣẹ́ kò sí.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà títí di 1930, tí ìjọba fi dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá. E. R. J. Hussey, ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló tún gbé ètò Yaba Higher College kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1932, wọ́n sì ṣí i gbangba ní oṣù kìíní 1934. Ọmọ tó bá jáde níléèwé gíga, tó mọ sáyẹ́ǹsì, lè wọ Yábàá, kó kọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn láìwọ ọkọ̀ òkun rárá. Ó yẹ kí inú gbogbo ayé dùn, àbí?

Inú kò dùn. Dípólómà ni Yábàá ń fúnni, kì í ṣe dìgírì. Nàìjíríà nìkan ni dípólómà náà ti ń ṣiṣẹ́. Àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi ọdún gbọọrọ kàwé ibẹ̀, igbákejì dókítà ni yóò jẹ́, abẹ́ òyìnbó ni yóò sì ti máa ṣiṣẹ́. Àní iye ọmọ tí wọ́n ń gbà wọlé, iye àyè iṣẹ́ tí ìjọba ní ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí àyè bá jẹ́ márùn-ún, kí ẹni kẹfà máa lọ sílé, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ìjọba ní àìsàn pọ̀ nílẹ̀, dókítà kò tó, ọwọ́ tí yóò tètè ṣiṣẹ́ ni ìlú nílò. Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí aláìsàn tó wà ní abúlé kò ní béèrè dìgírì lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà á là. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ Èkó dáhùn pé bó bá jẹ́ òòbẹ̀ dára, kí ló dé tí òyìnbó kò fi rán ọmọ tirẹ̀ wá síbẹ̀? Ní 1934, Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Lagos Youth Movement. Ọ̀rọ̀ Yábàá yìí gan-an ló bí i. Ní 1936 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigerian Youth Movement, ẹgbẹ́ tó wá di òpó nínú ìjà òmìnira. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ sátífíkéètì ṣe di ọ̀rọ̀ òṣèlú!

Nígbà yẹn kan náà, ẹni tó lágbára ṣì ń rán ọmọ rẹ̀ sọdá òkun. Dublin ní Ireland ni Elizabeth Abímbọ́lá, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Dókítà Awólíyì, ti yege ní 1938, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Yábàá náà kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ṣiṣẹ́ kárakára káàkiri àwọn ilé ìwòsàn wa, àwọn kan nínú wọn sì tún lọ sí ìlú Òyìnbó lẹ́yìn náà láti gba ìwé tó pé.

Ọdún 1948 ni ojútùú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n kó ọmọ 104 láti Yábàá lọ sí University College tuntun ní Ìbàdàn. Dìgírì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń kà fún níbẹ̀, kì í ṣe dípólómà ìlú ẹni. Síbẹ̀ ilé ìwòsàn tó tó kọ́ dókítà kò tíì sí. Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ń lò, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ sì ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn nílùú Òyìnbó. Ní oṣù kọkànlá 1957 ni wọ́n ṣí U.C.H. Nígbà tó fi máa di 1960, ọdún òmìnira, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà parí ní Ìbàdàn jáde pẹ̀lú ìwé tí Lọ́ńdọ̀nù kò lè kọ̀. Ọdún 1962 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí Ifẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣètò tiwọn kí ọmọ gba B.Sc. lójú ọ̀nà kó tó gba oyè dókítà, kó lè ní ìwé méjì lọ́wọ́.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà yóò dá irú ètò yìí mọ̀. Lọ́hùn-ún, ọmọ máa ń kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́rin gba dìgírì, kó tó tún wá fọ́ọ̀mù fún ọdún mẹ́rin ìṣègùn. Ṣùgbọ́n láti 1961 ni Yunifásítì Boston ti so méjèèjì pọ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé gíga. Ní 1971, èyí tó wà ní Kansas City ní ìpínlẹ̀ Missouri bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ọdún mẹ́fà péré fún dìgírì méjèèjì. Ẹnu ọ̀nà náà há. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni yóò jókòó níwájú àwọn àgbà, tí yóò ṣàlàyé ìdí tó fi fẹ́ wo aláìsàn títí ayé rẹ̀. Bó bá sì wọlé tán, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kọ máàkì kan sílẹ̀ fún un, tí kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ láti ọdún kìíní.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ béèrè. Ṣé ìjọba fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà láti kọ́ dókítà? Bí ọmọ bá fẹ́ yà láàárín ọ̀nà, ṣé ìwé kan yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbí òfìfo ni yóò bá délé? Bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lókè òkun, ìdánwò wo ló tún kù? Ẹni tó gba oyè rẹ̀ níbí lónìí, tó ń lọ sí ìlú Òyìnbó tàbí Amẹ́ríkà, ó mọ̀ pé wọn yóò tún ṣe ìdánwò fún òun kí wọ́n tó jẹ́ kí òun fọwọ́ kan aláìsàn.

Ọdún mẹ́fà ni a máa ń kà fún ọmọ pé yóò fi di dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.