Ara Yíyún Lẹ́yìn Ìwẹ̀: Ohun Tó Ń Fà Á àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ wa ni ara máa ń yún bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ìyún náà lè mú ojúgun, ẹ̀yìn tàbí apá; ó lè rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10, ó sì lè tó wákàtí kan gbáko. Àwọn kan gbà pé ìdọ̀tí ni kò tíì tán lára àwọn, wọ́n á tún padà sí balùwẹ̀ lọ fi kànìnkànìn ha ara. Àwọn mìíràn á da oògùn apakòkòrò sínú omi ìwẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí ló sábà máa ń dá kún ìyún náà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, awọ gbígbẹ ni ó fà á, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Bí ìwẹ̀ ṣe ń gbẹ awọ

Awọ ara ènìyàn ní ọ̀rá tirẹ̀. Ọ̀rá yìí ni kì í jẹ́ kí omi inú awọ gbẹ, òun náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn tètè ríbi wọlé. Omi gbígbóná àti ọṣẹ a máa ṣí i kúrò gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣí epo kúrò lára àwo ọbẹ̀. Nígbà tí omi tó wà lára bá wá gbẹ, ọ̀rinrin inú awọ kò ní ohun tí yóò dá a dúró mọ́. Awọ á le, á máa fà, á sì máa yún.

Ìdí nìyí tí ìyún fi ń pọ̀ lásìkò ọyẹ́, láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọn ará Ṣakí, Kíṣí àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n ju àwọn ará Ìbàdàn lọ. Àsìkò yìí kan náà ni òtútù òwúrọ̀ ń mú kí a gbé omi kaná, tí a sì ń wẹ̀ ẹ́ bí ó ti gbóná tó. Ó ń tu ara lọ́wọ́ kan, ó ń ba awọ jẹ́ lọ́wọ́ kejì. Àwọn àgbàlagbà ni ó máa ń bá jù, nítorí ọ̀rá awọ a máa dínkù bí ọjọ́ orí bá ti ń ga.

Ní ti ọṣẹ dúdú, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ọṣẹ àwọn baba wa ni. Ṣùgbọ́n eérú tí wọ́n fi ń sè é ní agbára púpọ̀, ó sì le ju ohun tí awọ gbígbẹ lè gbà lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọṣẹ òyìnbó tó ní oògùn apakòkòrò tàbí òórùn dídùn nínú. Ẹni tí ara ń yún lè máa fi ọṣẹ sí abíyá, ojú ara àti ẹsẹ̀ nìkan, kí ó fi omi lásán wẹ ìyókù. Oògùn apakòkòrò olómi kò sì ní iṣẹ́ kankan nínú omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

Bí a ó ṣe máa wẹ̀

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a lò. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 tó. Ọwọ́ tàbí aṣọ rírọ̀ dára ju kànìnkànìn líle lọ. Ní àwọn àdúgbò tí omi kànga wọn kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ìdọ̀tí ọṣẹ a máa lẹ̀ mọ́ ara, nítorí náà kí a ṣan ara dáadáa. Bí a bá parí, kí a fi táwẹ̀lì tẹ ara gbẹ díẹ̀díẹ̀, kí a má ṣe fi ha á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe ni ìpara. Wọ́n á dúró kí ara gbẹ pátápátá kí wọ́n tó fi nǹkan pa á. Ìpara kì í fún awọ lómi. Ṣe ló ń sé omi tó wà níbẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, láàárín ìṣẹ́jú 3 tí a bá jáde nínú omi, nígbà tí ara ṣì tutù, ni kí a pa á. Kò dìgbà tí a bá ra ìpara olówó gọbọi. Òrí tí àwọn obìnrin Òkè Ògùn ń ṣe dára púpọ̀, fasilíìnì tí kò ní òórùn náà dára. Pọ́dà kò lè ṣiṣẹ́ yìí, gbígbẹ ni yóò tún mú kí awọ gbẹ sí i.

A rọ gbogbo ará ìlú láti ṣọ́ra fún ìpara tí wọ́n ń tà lọ́jà gẹ́gẹ́ bí "apàyún". Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà steroid nínú. Ìyún á dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì, ẹni náà á sì rò pé òun ti rí oògùn. Bí ó bá ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, awọ á fẹ́lẹ́, á máa là, á ní ilà bíi ti aboyún, egbò kékeré kò sì ní tètè jiná. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ìyún á padà wá. Apòògùn tàbí dókítà nìkan ni kó máa yan irú ìpara bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí a ó fi lò ó.

Nígbà tí kì í ṣe awọ gbígbẹ

Bí ìyún bá ń le sí i lóru, tí ó wà láàárín ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí, tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé sì ń họra, kúrúnà ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò kékeré tí ojú kò tètè rí ló ń wa ihò sínú awọ. Ooru omi gbígbóná sì máa ń mú kí ìyún rẹ̀ pọ̀. Gbogbo ará ilé ni yóò lo oògùn lọ́jọ́ kan náà, títí kan ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yún, kí a sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti aṣọ ìbora, kí a sá wọn sóòrùn. Ìyún lè ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí tún oògùn lò láìbéèrè.

Inárun yàtọ̀ sí èyí. Àwọn tó ń gbé létí odò tó ń ṣàn kíkan ni ó máa ń mú, tọ̀sán-tòru ló ń yún, ìwẹ̀ kọ́ ló fà á. Kí wọ́n gba oògùn Mectizan tí wọ́n ń pín ládùúgbò.

Àwọn kan wà tí ara wọn á wú wúruwùru bíi pé ẹ̀fọn jẹ wọ́n bí ara bá ti gbóná, ìbáà ṣe nípa omi gbígbóná, iṣẹ́ àṣelàágùn tàbí ọbẹ̀ tó ta. Oògùn wà fún èyí ní ilé ìwòsàn.

Èyí tó yẹ kí a má fojú kéré ni ìyún tó ń gún bí abẹ́rẹ́ ní kété tí omi bá kan ara, ìbáà gbóná tàbí tutù, tí kò sì sí ohunkóhun lójú awọ. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ ọ́ síta, nítorí pé ó jọ àròsọ, wọ́n sì lè máa wá ẹni tó ṣe é sí wọn kiri. Nígbà mìíràn, a kì í rí ìdí kan pàtó. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ àmì àìsàn kan tí ń mú kí mùdùnmúdùn egungun ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa jáde ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ náà á ki, ó lè dì nínú iṣan, ó sì lè fa àrùn rọpárọsẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní PCV, tí kò wọ́n, lè jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ fura sí i.

Àìsàn kíndìnrín, ti ẹ̀dọ̀ àti àtọ̀gbẹ pẹ̀lú lè mú kí gbogbo ara máa yún. Oògùn náà ń ṣe é. Àwọn tó dàgbà nínú wa kò lè gbàgbé ìyún chloroquine, kí ìjọba àpapọ̀ tó fi oògùn ACT rọ́pò rẹ̀ fún ìtọ́jú ibà lọ́dún 2005.

Bí a bá ti tọ́jú awọ bí a ṣe là á sílẹ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì sí àyípadà, kí a lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ wa. Kí a má tilẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀ bí ojú bá ń pọ́n bí ìyeyè, bí a bá ń rù, bí ibà tàbí òógùn òru bá wà níbẹ̀, bí ìyún kò bá jẹ́ kí a sùn, tàbí bí ibi tí a họ bá ń ṣọyún. Kí a kó gbogbo ọṣẹ, ìpara àti oògùn tí à ń lò dání, títí kan àgbo, kí a sì sọ bí ìyún náà ṣe máa ń pẹ́ tó lẹ́yìn ìwẹ̀.