Ọwọ́ Ta Ni Wọ́n Fi Í Sí?

Ìkòkò àmọ̀ kan wà ní yàrá ìyá àgbà mi l'Ábẹ́òkúta títí wọ́n fi kú. Etí rẹ̀ ti kán lápá kan. Òun ni wọ́n rù lọ sí abúlé Àró, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ, ní 1956, nígbà tí orí àbúrò wọn ọkùnrin dàrú. Wọ́n ti sọ fún wọn pé kò sí aláìsàn tó lè gbé abúlé náà láìní ẹbí tí yóò máa dáná fún un.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ìjọba yàtọ̀. Òfin wèrè ti 1916 fi agbára lé májísíréètì àti dókítà lọ́wọ́ láti ti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mọ́lé. Ilé wèrè Yábà ti wà láti 1907, ṣùgbọ́n àtìmọ́lé ni nígbà náà, ìtọ́jú kọ́. Ní Láńtòrò, l'Ábẹ́òkúta tiwa níbí, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé wèrè ní 1944, tí wọ́n kó àwọn sójà tí ogun Hitler ba ọpọlọ wọn jẹ́ sí.

Nílé, ẹbí ló ni aláìsàn. Olórí ẹbí a máa mójú tó ilẹ̀ rẹ̀ àti ohun tí oko bá mú wá. Àwọn obìnrin ní tiwọn a máa wẹ̀ ẹ́, wọn a máa bọ́ ọ, wọn a máa fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Ẹni tí owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í sábà jẹ́ ẹni tí kì í rí oorun sùn.

Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, rí agbára tó wà lọ́wọ́ àwọn tí kì í rí oorun sùn yìí. Nígbà tí ìtọ́jú Àró bẹ̀rẹ̀ ní 1954, kò mọ odi yí aláìsàn ká. Ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ni wọ́n ti ń gba yàrá fún aláìsàn àti ìyá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàárọ̀, ẹbí a mú un lọ gba ìtọ́jú. Tó bá yá, wọn a jọ padà wálé. Lójú tèmi, kò sí ohun tí dókítà kankan ṣe nílẹ̀ yìí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà ní lálẹ́ àkọ́kọ́, ojú ilẹ̀kùn gan-an ni àwọn tẹ́ ẹní sí, tí àwọn fi ara dábùú rẹ̀ kí àbúrò wọn má baà jáde sínú òkùnkùn. Ó fò wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lé e bá, wọ́n fà á lọ́wọ́ padà wálé, wọ́n sì ro àmàlà láfún fún un lóru. Nígbà tó di oṣù kẹta, onílé wọn fún un ní ọkọ́ pé kó wá bá òun kọ ebè ẹ̀gẹ́.

Ohun tó ń dùn mí dòní ni pé nígbà tí àwọn àgbà ilé ń ṣírò owó obì oko àbúrò wọn, wọn ò pe ìyá àgbà sí i. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ oko kì í ṣe ti obìnrin. Òfin 1916 náà ò sì bi àwọn àgbà náà ní nǹkan kan. Oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀.

Àbúrò wọn padà sílé, ó sì tún ro oko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí tó fi kú, bí ẹlòmíràn bá gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè bóyá ìkòkò ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n fi sè é.